Ìdúpẹ́ Tó Padà Wálé

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí kí n tó lọ wẹ̀ nìyí: bàtà Bàbá Kékeré, àbúrò yín, lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi kíwì kùn ún, ó ń dán. Iṣu nínú bàsíà, èyí tó tóbi jù lókè. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa, wọ́n ti fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀ kó má baà dà sọ́nà. Màámi níwájú dígí, wọ́n wé gèlè, wọ́n tú u, wọ́n tún un wé. Àti adìyẹ wa kan tó dúró ti bàsíà náà bí ẹni pé òun náà ń bá wọn lọ.

Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo kí wọn, mo lọ wẹ̀. N ò sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, Bàbá mi, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo jáde girama, Àlhájà kan tó ní ilé búrẹ́dì lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n gbà mí. Èmi ni mo ń ka búrẹ́dì fún àwọn tó ń gbé e lọ tà láàárọ̀, àwọn ti Sábó, àwọn ti Ẹnuwá. Iṣẹ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ẹ mọ̀ mí.

Lánàá, ọjọ́ Ajé, Àlhájà pè mí. Bùọ̀dá Gàníyù tó ń tọ́jú sítọ̀ ti kó lọ sí Èkó. Wọ́n ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ sítọ̀: fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, gbogbo rẹ̀, kí n sì máa ka búrẹ́dì mi lọ bí mo ṣe ń kà á. Wọn ò dárúkọ owó. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé owó oṣù Bùọ̀dá Gàníyù ju tèmi lọ dáadáa, mo sì mọ̀ pé bí àpò fúláwà kan bá dín, inú owó ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Fúláwà sì ti wọ́n. Búrẹ́dì tẹ́ ẹ máa ń rà bọ̀ fún wa lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, bẹ́ ẹ bá rí i báyìí, ẹ máa rò pé ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún.

Ọ̀rọ̀ owó ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni Àlhájà fi na kọ́kọ́rọ́ náà sí mi, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí ẹnu mi tó là. "Ẹ ṣé, mà. Ẹ ó pẹ́ fún wa, mà." Ohun tó jáde nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí àgbà bá fún ọmọ ní nǹkan, orúnkún ni kó kọ́kọ́ fi dáhùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ohun tí èèyàn ń sọ lẹ́yìn tó bá dìde.

Mo rántí ìṣó ẹnu yín. Bí onílé bá ti bi yín pé èló lẹ máa gbà kan òrùlé, ẹ ó kó ìṣó sẹ́nu. Ẹ ó máa mi orí, ẹ ó máa fi òòlù tọ́ka sókè, onílé á sì dá iye tó wù ú fún ara rẹ̀. Màámi ló máa ń lọ bá wọn jà lẹ́yìn náà. Nígbà yẹn, mo rò pé bí kápẹ́ńtà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo kíyè sí i pé orí ilẹ̀ lẹ ti ń kó o sẹ́nu, níbi tí kò sí pákó kankan tẹ́ ẹ fẹ́ kàn. Ṣé ojú ló ń tì yín ni? Àbí ẹ̀rù ni? N ò bi yín rí. Ó wù mí kí n mọ̀ báyìí.

Mo délé lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo sọ fún Màámi pé wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ sítọ̀. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Wọ́n ti bọ́ sójú agbo: "Ọmọ mi ti dọ̀gá! Ẹ wá wo ọmọ mi o!" N ò lè dá ẹni tó ń jó dúró kí n sọ fún un pé kò tíì sówó nínú rẹ̀. Mo ní màá bá Àlhájà sọ ọ́ lónìí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Òun ni mo sùn tì, òun ni mo jí rí. Àṣé Màámi náà ti bá Bàbá Kékeré sọ ọ́, pé kí wọ́n jọ lọ bá mi dúpẹ́ lónìí kan náà. Iṣu oko yín ni wọ́n dì, èyí tí ẹni tó ń bá wa dá oko Ẹdúnàbọ̀n gbé wá.

Mo ń ka búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Màámi kúnlẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó ń po fúláwà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Màámi ju Àlhájà lọ lọ́jọ́ orí. Àlhájà sáré dìde.

"Háà, Màmá! Ẹ má pa mí o, ẹ dìde!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Àlhájà. Ẹ bá mi ṣe baba fọ́mọ tí ò ní baba."

Bàbá Kékeré ṣí fìlà. Wọ́n ní bí mo bá ṣìwà hù, kí Àlhájà nà mí, àwọn ò ní bi wọ́n pé kí ló dé.

Inú Àlhájà dùn débi pé ojú wọn kún. "Ẹ̀yin gan-an là ń pè lóbìí. Àwọn míì, kí wọ́n tó kí èèyàn tán, 'èló lẹ máa san' ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo sí mi láti ìdí ààrò: "Mánìjà! Ẹ sọ fún Màmá pé ẹ máa ń ṣahun búrẹ́dì jíjóná o!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Màámi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo orúnkún aṣọ wọn tó ti funfun fún fúláwà, wọn ò sì rántí gbọn ọ́n kí wọ́n tó lọ.

Ó yẹ kí n dúró dọ̀la, àbí? Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé bí ilẹ̀ bá fi lè ṣú lé ọpẹ́ yẹn lórí, kò sí bí mo ṣe lè dárúkọ owó mọ́. Mo wọlé tọ Àlhájà lọ. Iṣu ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Owó oṣù mi."

"Owó oṣù ẹ ṣe kí ni?"

"Ẹ bá mi fi ìdajì kún un, mà. Nítorí sítọ̀."

Wọ́n wo iṣu, wọ́n wò mí. "Ìyá ẹ mọ̀ sí i?"

"Rárá, mà."

"Wọn ò tíì rìn dé títì." Wọ́n tún wo iṣu náà. "Ó dáa. Mo gbà."

Ó parí. Bàbá mi, wọn ò ná an! Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á ní ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni, pé wọ́n á dá iye kékeré kan, èmi á bẹ̀ wọ́n, a ó pàdé láàárín, a ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bá èèyàn nájà ṣì ń báni ṣeré. Wọ́n gbà á bí èèyàn ṣe ń sanwó fún ẹni tí kò fẹ́ rí mọ́. Wọ́n pe dírẹ́bà ọkọ̀ búrẹ́dì: "Ráfíù, gbé iṣu yìí àti epo yìí padà fún Màmá. Sọ pé mo kí wọn. Sọ pé ọjà lèmi àtọmọ wọn jọ ṣe, wọn kì í gbé iṣu wá dúpẹ́ ọjà."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde. Lọ ṣí sítọ̀."

Ẹsẹ̀ ni Màámi àti Bàbá Kékeré fi rìn lọ sílé. Ọkọ̀ ti ṣáájú wọn débẹ̀. Lójú àwọn ará ilé ni wọ́n bá bàsíà tiwọn lẹ́nu ọ̀nà tiwọn. Ẹ mọ ohun tíyẹn jẹ́. Ẹni tí wọ́n dá iṣu ọpẹ́ rẹ̀ padà, wọ́n ti sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ lásán ló fi dúpẹ́.

Nígbà tí mo dé, Bàbá Kékeré ti lọ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé àwọn ò ní débi iṣẹ́ mi mọ́ láéláé. Màámi ò pariwo. Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n ti ń jókòó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kú. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí:

"Ká ní o sọ fún mi ni, ṣé ǹ bá kúnlẹ̀?"

Owó tí mo béèrè tọ́ sí mi, Bàbá mi. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, n ò sì ní dá a padà. Ojú ò tì mí nítorí rẹ̀. Màámi ni n ò lè wò lójú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá dá wọn dúró nílé, mo sì gbé e mì torí pé ó ń tì mí láti sọ pé mo kúnlẹ̀ lásán. Èmi kúnlẹ̀ lásán, mo wá jẹ́ kí àwọn náà lọ kúnlẹ̀ lásán.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ bẹ Àlhájà, kí wọ́n lè tún máa wo Màámi bí èèyàn gidi. Èmi ò lè rán ara mi, ọmọdé kì í bẹ àgbà nítorí ìyá rẹ̀. Bàbá Kékeré ti kọ̀. Ẹ̀yin ló kù. Ká ní ẹ ṣì wà láàyè, ṣé ẹ̀ bá lọ? Kẹ́ ẹ tiẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan, Àlhájà á mọ̀ pé baba ọmọ ló wá. Ta ni kí n rán, Bàbá mi?

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó gba owó, tí ò rí ẹni rán.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo dùbúlẹ̀, orí ẹní ni mo ti kọ ìlà yìí. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Màámi ń dáná níta, wọn ò sì tíì pè mí.