Ẹrù Pàjáwìrì Tí Àbúrò Mi Dì

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú oko, ẹ kú òjò àkọ́rọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti bàbá mi láti ilẹ̀ Faransé. Mo kí ìyá àgbà, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìdìgní. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe; ilé ìwé Faransé ni mo dàgbà sí.

Òtútù ibí kò tíì kásẹ̀ ńlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí a bá gbà là kì í mọ orúkọ mi. Wọ́n á lajú, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n á lọ.

Ìgbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Bọ́lá àbúrò mi nìkan lẹ ń sọ. Ẹ ní obìnrin kan bímọ sóko, ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n fi alùpùpù gbé e wá sí ilé ìwòsàn Ìdìgní tí Bọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọkọ rẹ̀ tó rí ibi jókòó, Bọ́lá ti gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ ní wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Bọ́lá.

Tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ìbọ̀wọ́ wà ní yàrá kan, abẹ́rẹ́ wà ní òmíràn, ọ̀gá á sì ti mú kọ́kọ́rọ́ oògùn lọ ọjà. Èmi ni mo sọ fún Bọ́lá pé níbí, kẹ̀kẹ́ kan tí a ń fọwọ́ tì ló ń gbé gbogbo ohun èlò pàjáwìrì dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn. Ó bi mí bóyá màá fi kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́. Ó ní ṣebí aboyún kì í dúró de ìrọbí kó tó di ẹrù ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ọṣẹ, aṣọ àlòkù, abẹ. Kí ló dé tí ilé ìwòsàn ò lè di tirẹ̀? Ló bá di ẹrù pàjáwìrì sílẹ̀: ti ẹ̀jẹ̀ nínú aṣọ pupa, ti ẹni tí ejò bù jẹ lọ́tọ̀, ti ọmọ tí gìrì mú lọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n bá tú, wọn kì í lọ ilé láìtún un dì.

Ìyá, mo jowú. Ìdajì ọgbọ́n yẹn, tèmi ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo Faransé ò tó yín ni, tí ẹ tún ń bá òun du Ìdìgní? N ò lè rẹ́rìn-ín. Oríkì lẹ fi ń pè é ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń ròyìn rẹ̀. Èmi, orúkọ ìwé lẹ fi dágbére fún mi.

Tí mo bá pè lọ́jọ́ Àìkú, ẹ kọ́kọ́ pè mí ní Àbẹ̀ní. Ẹ bi mí léèrè iṣẹ́ tèmi náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá sọ bí ìyá ọmọ yẹn ṣe ń ṣe. Mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ bá mi kí Bọ́lá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹrù aṣọ pupa yẹn pẹ́ ní dídì kí wọ́n tó tún un tú. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó jẹun ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀ní