Nọ́ńbà Abẹ́ Ọkọ̀

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́, Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Ṣé ara le? Ṣé o ń mí dáadáa? Má rò pé ìkíni lásán ni ìbéèrè kejì yẹn.

Lẹ́tà rẹ dé, mo sì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ wa pa, tí àwa méje yòókù kó sínú ríra ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, o ní àgbà ń ṣeré ọmọdé. Ìwọ náà ló wá ń béèrè bí èèyàn ṣe lè fi owó ìfẹ̀yìntì ra ojúlówó. O káàbọ̀, apẹ́lẹ́yìn!

Má ra tuntun inú páálí aláràbarà, ike ló pọ̀ níbẹ̀. Àlòkù onírin ni kó o rà. Gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, kó wúwo. Fi ìka yí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó yí láìdún. Àpótí tó ń fún un níná nìkan ni kó o ra ní tuntun, kí ilé má baà jó.

Ọ̀dọ̀ alálòkù ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ni mo ti ń ra tèmi, ọ̀pọ̀ gidi sì ni. Mo bi í pé báwo ló ṣe ń rí wọn. Ó ní, "Bàbá, àwọn ìyàwó ló ń gbé e wá. Wọ́n kàn fẹ́ kó kúrò nílé ni." Mo ní obìnrin ò mọ iyì irin.

Nígbà tí mo dojú èyí tí mo kọ́kọ́ rà dé kí n lè fi òróró sí i, mo rí nọ́ńbà kan, mẹ́ta, tí wọ́n fi ìṣó ha sábẹ́ rẹ̀. O rántí pé gbogbo wa ló máa ń ha nọ́ńbà tábìlì iṣẹ́ wa sábẹ́ ohun ìní wa, kí wọ́n má baà jí i. Mo ní ọkọ̀ ti sú Nọ́ńbà Mẹ́ta ni. Ti Nọ́ńbà Ọ̀kan tún dé, ti Nọ́ńbà Márùn-ún tẹ̀ lé e, ti Nọ́ńbà Méjì àti ti Nọ́ńbà Mẹ́rin jọ dé. Inú mi ń dùn, mo ń rà. Àgbà òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ti Aláriwo dé, Nọ́ńbà Mẹ́fà. O mọ̀ pé Aláriwo ò lè ta ọkọ̀ yẹn láàyè. Mo wá ilé rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní ikọ́ ló pa á, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó ti bá àwọn opó márùn-ún yòókù sọ̀rọ̀, ikọ́ kan náà ni.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Jẹ́jẹ́, ṣé o rántí eruku bíréèkì ọkọ̀ ojú irin tí a máa ń ha níbi iṣẹ́, tó ń sọ irun wa di ewú kó tó di ọ̀sán? Ọ̀gá wa ní eruku kì í pa ọkùnrin. Èmi ni Méje, ìwọ ni Mẹ́jọ. Láti ìgbà òjò ni mo ti ń wúkọ́. Wọ́n ya àwòrán àyà mi lọ́jọ́ Ajé. Dókítà wò ó pẹ́, kò sì rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi kankan. Ẹ̀rù ń bà mí. Ohun tó bá ojú ló bá imú: lọ ya tìrẹ lọ́sẹ̀ yìí, má fòní dónìí, má fọ̀la dọ́la.

Kí èémí má ṣe wọ́n ọ. Kí ìyàwó rẹ má mọ ọ̀nà ilé alálòkù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí tábìlì wa fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn fún ọdún mọ́kàndínlógún,
Nọ́ńbà Méje.

Mo tún rántí: mo ti sọ fún alálòkù pé kó tọ́jú èyí tó bá ní Nọ́ńbà Méje lábẹ́ dè ọ́. Tó bá ránṣẹ́ sí ọ, jọ̀ọ́, má ná an ní ìnákúnàá. Ìyàwó mi ni yóò gbé e wá, kò sì mọ iye tó tó.