Òkè Ìjan tí Kò Gbẹ

                                                  Ojúlé Kejìlá,
                                                  Àdúgbò Adébáyọ̀,
                                                  Adó-Èkìtì,
                                                  Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 1979.

Olúwọlé, ọmọ ìyá mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Kàdúná? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń bá àbíkẹ́yìn yín jà nínú ọyẹ́ ti lọ pátápátá? Morẹ́nikẹ́ ìyàwó mi ní kí n kí yín kú ojú ọjọ́, torí ó gbọ́ pé ọyẹ́ tiyín máa ń la ètè ju tiwa lọ. Ara wa le níhìn-ín, a dúpẹ́. Ìyá wa ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ sí Ọjà Ọba. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ tí o fi ránṣẹ́ bá àwọn lára mu, àmọ́ ó pẹ́ kó tó dé.

Mo mọ̀ pé o ti gbé lẹ́tà yìí wò lọ́wọ́, o ti sọ pé, "Akínbọ́lá kì í kọ̀wé tó gùn báyìí àfi bí nǹkan bá ń dùn ún." Òótọ́ lo sọ. Owú ni, Olúwọlé. Mò ń jowú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ojú lè tì mí dáadáa. Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́tàlá jù lọ ni mò ń jowú rẹ̀.

Ọláyọdé ló ń jẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá ló ti apá Ọ̀yọ́ wá bá mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní iṣẹ́ ọnà. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí Bàbá Adébíyìí, olùkọ́ wa, ti fi búrọ́ọ̀ṣì lé mi lọ́wọ́ níṣojú rẹ, bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n pe ayàwòrán wá láàárín àwa olùkọ́ Adó, èmi ni wọ́n ń pè. O sì mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo máa kun ìpele kan, mo máa gbé e ti ògiri kó gbẹ, ó di ọjọ́ mẹ́rin, ó di ọjọ́ márùn-ún, kí n tó fi ọ̀dà mìíràn lé e. Òkè kan ṣoṣo lè gbà mí ní oṣù méjì. Mo tún máa ń fi yangàn fún àwọn ọmọ kíláàsì pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ti Ọláyọdé yàtọ̀. Kì í jẹ́ kí nǹkan kan gbẹ. Ó máa fi ọ̀dà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa gbogbo ojú pátákó, kí ìyẹn tó gbẹ, ó ti fi àwọ̀ ojú ọ̀run lé e, kí ìyẹn náà tó gbẹ, òkè ti yọ, igi ti yọ. Àwọn ọ̀dà tútù yẹn á wá wọnú ara wọn díẹ̀, wọ́n á rí bí ọyẹ́ àárọ̀ ṣe ń rí gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan ó gbé pátákó sẹ́bàá ọ̀nà Ìjan. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti parí. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó tún ń gbìyànjú àtisọ èdè Èkìtì wa, ó ń pe ilé ní "ulé", ó ń pe iṣu ní "usu", pẹ̀lú ohùn Ọ̀yọ́ rẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fẹ́ràn rẹ̀ sí i.

Gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e mì. Ti Bàbá Adébíyìí ni kò ṣeé gbé mì. Oṣù Kejìlá tó kọjá ni wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti sọ fún mi ṣáájú pé ẹ̀bùn kan ṣoṣo táwọn ń fẹ́ ni àwòrán òkè tó wà lẹ́yìn oko àwọn ní Ìjan, káwọn lè máa wò ó láti orí àga nígbà tí ẹsẹ̀ ò bá gbé àwọn débẹ̀ mọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti wà ní ìpele kejì. Ni Bàbá bá gba yàrá àwọn olùkọ́ kọjá lọ́jọ́ kan, wọ́n rí àwòrán Ọláyọdé. Wọ́n dúró. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí mọ bí òkè ṣe ń mí." Olúwọlé, ogún ọdún ni mo ti ń ya àwòrán han Bàbá, wọn ò nu awò ojú nítorí mi rí! N ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ni mo bá ní èmi náà á ya tèmi ní tútù. Má bi mí bóyá mo lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n lọ béèrè kẹ̀? Mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo bẹ̀rẹ̀. Háà! Ojú ọ̀run wọnú òkè, òkè wọnú igi, gbogbo ẹ̀ dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹrẹ̀ ni mò ń rí. Morẹ́nikẹ́ ní kí n lọ bá ọmọkùnrin yẹn, mo jágbe mọ́ ọn. Èrò mi ni pé ọyẹ́ ló ń tètè fa ọ̀dà mi gbẹ, torí ọwọ́ mi ò yá. Òróró tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, èyí tó ń ti òkè òkun wá, ti wọ́n. Kò sí ní Adó, kò sí ní Àkúrẹ́. Mo bá wọ ilé ìdáná, mo bu òróró ẹ̀pà Morẹ́nikẹ́, mo fi po ọ̀dà.

Ọmọ ìyá mi, ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́! Ọ̀dà náà tutù títí mo fi tún ohun gbogbo ṣe bó ṣe wù mí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi ya òkè Ìjan. Lọ́jọ́ ìdágbére, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Èmi ò wo Bàbá, Ọláyọdé ni mò ń wò, kí n lè rí bí ó ṣe máa dùn ún. Àtẹ́wọ́ ló ń pa, tirẹ̀ ló sì le jù. Inú bí mi sí i.

Òróró ẹ̀pà kì í gbẹ, Olúwọlé. Ọmọdé tó bá ti rí ògiri ilé àkàrà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tó yẹ kí n kọ́ wọn, owú ò jẹ́ kí n rántí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá, ìyàwó Bàbá, ránṣẹ́ pè mí ní kíákíá. Bàbá ti lọ sí Àkúrẹ́ nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì wọn, ọ̀tunla ni wọ́n máa dé. Màmá fi aṣọ nu eruku ojú àwòrán, òkè bá aṣọ lọ. Eruku ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀run, eṣinṣin méjì ti kú síbẹ̀. Màmá ń sunkún pé àwọn ti ba ohun tí ọkọ àwọn fẹ́ràn jù jẹ́. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, Màmá tó ń bu ẹ̀kọ fún wa nígbà tá a wà lọ́mọdé! Ó yẹ kí n sọ pé ẹ̀bi mi ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ má sunkún, màá tún un ṣe."

Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà? Ọ̀nà tèmi, oṣù méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe é lọ́jọ́ kan. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọláyọdé bí ẹni tó wá tọrọ iná. Mo ní Màmá ló fi aṣọ nu àwòrán. Ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi.

Nígbà tá a dé ilé Bàbá ní Ìjan, ó gbé imú sún mọ́ àwòrán, ó gbóòórùn. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ̀bi yín kọ́ o. Ọ̀dà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọyẹ́." Àní òun ló sọ ọ́! Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti ẹnu mi jáde, òun ló sọ ọ́, ó sì fi bo àṣírí mi. Ó ha gbogbo ọ̀dà kúrò, ó fi kẹrosíìnì nu ojú pátákó, ó ku igun tí mo kọ orúkọ mi sí. Mo bá a di àkísà mú. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń ṣe: bó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ọ̀dà lẹ́ẹ̀kan, á nu búrọ́ọ̀ṣì náà, kò sì ní padà síbi tó ti fọwọ́ kàn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mi ò lè fi nǹkan sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, òkè ti dúró. Mo ní kó pa orúkọ mi rẹ́, kó kọ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, tiyín ni. Mo kàn bá yín tún un ṣe ni."

Báyìí Bàbá ti dé, Màmá ò rò ó fún wọn, wọ́n sì ń sọ káàkiri pé àwòrán náà ń dára sí i lójoojúmọ́. Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n dúró níwájú ìjọ, wọ́n ní Akínbọ́lá ti ju olùkọ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì fẹ́ kí n ya irú rẹ̀ kan fún ìjọ kó tó di Àjíǹde. Ọláyọdé jókòó lẹ́yìn mi gan-an. Òun ló kọ́kọ́ ṣe "Àmín".

Tẹ́lẹ̀, àwòrán Ọláyọdé ni mò ń jowú. Ní báyìí, èyí tí orúkọ ara mi wà lára rẹ̀ ni. Bí mo bá jẹ́wọ́, Bàbá á gba ìyìn náà lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé e fún Ọláyọdé. Bí mo bá sì lọ kọ́ bó ṣe ń yà á lọ́dọ̀ rẹ̀, kò ní fi mí ṣẹ̀sín, kò ní rò ó fún ẹnikẹ́ni, á fi sùúrù kọ́ mi dójú àmì. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè fara dà. Bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ǹ bá sinmi.

Bá mi kí ìyàwó, kí o gbé àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Morẹ́nikẹ́ kí yín. Bàbá ní àwọn máa kọ̀wé sí ọ láti ròyìn òkè náà fún ọ. Nígbà tí lẹ́tà wọn bá dé, jọ̀ọ́, má bá wọn yìn mí. Ó yẹ kí ẹnì kan wà láyé yìí tí kò ní yìn mí fún òkè yẹn, mo sì fẹ́ kó jẹ́ ìwọ.

                                                  Èmi ọmọ ìyá rẹ tí o mọ̀ dáadáa,
                                                  Akínbọ́lá.