Dísìkì Méjì nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Tinos,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta.

Argyro ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ilé. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé òtútù Patra ti fi ọ́ sílẹ̀. Ara tiwa náà le, àfi ọwọ́ bàbá rẹ tó ṣì ń gbọ̀n.

O ní kí n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ títí o ó fi dé. Mo ti fọwọ́ kàn án. Ka lẹ́tà yìí tán kí o tó pè mí.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta mábù, ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Àwọn agbowó orí kò sì gba ìwé wa láti orí ètò yẹn mọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní kí a ra òmíràn, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án yúrò. Mo ní kó máa lọ sílé. Dísìkì tuntun, yúrò márùndínlógójì, ni mo ní kí wọ́n rà: ètò àtijọ́ á wà lórí ti àtijọ́, ètò tuntun á wà lórí ti tuntun, nínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Àwọn lẹ́tà ábídí bàbá rẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà láti ìgbà oyún rẹ ló wà lórí dísìkì àtijọ́, kò sì lè ya òmíràn mọ́. Dísìkì tí a bá sì fi ètò tuntun sí, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á parẹ́.

Iakovos ọmọ Àǹtí Marouso, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní èbúté, ló wá bá wa ṣe é. O mọ̀ pé orúkọ bàbá àgbà kan náà lòun àti bàbá rẹ ń jẹ́. Tí mo bá pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì á dáhùn. Dísìkì tó rà wá jọ ti àtijọ́ láìyẹ̀. Ó ń yangàn, "Màmá Argyro, ìbejì rẹ̀ ni mo bá yín rí." Ó tan kọ̀ǹpútà, orúkọ kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, nọ́ńbà ara wọn nìkan ló yàtọ̀. Mo bi í pé èwo ló ní lẹ́tà nínú.

"Ti òkè ni. Ti ìsàlẹ̀ ni màá lò."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ojú mi ni."

"Ojú yẹn náà ló rí ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ Àìkú tí a dúró títí tí kò dé."

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ọmọ Marouso pa kọ̀ǹpútà, kó yọ wáyà dísìkì àtijọ́. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ní, "Tí mo bá fẹ́ bá ìwọ nìkan sọ̀rọ̀, ṣe ni mo máa ń rán Iakovos kejì lọ ra búrẹ́dì. Yọ wáyà yẹn."

Ó ń kùn, ó yọ ọ́. Nígbà tó tan án padà, ọ̀kan ṣoṣo ló hàn, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ni ti òkè ìṣáájú, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ tó fẹ́ lò gan-an ni lẹ́tà bàbá rẹ wà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní ká fún òun lómi. Mo bu omi fún un.

Ó fi ètò tuntun sí i, ó pa á, ó dá wáyà padà. Báyìí, tí mo bá ti ń tan án, màá tẹ bọ́tìnì F12, màá mú dísìkì tí mo fẹ́. Mo mú ti àtijọ́, alfa bàbá rẹ, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ábídí wa, sì yọ. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù. Láti ọjọ́ tí mo ti yà á ló ti ń dùn mí." Mo jókòó, mo di máòsì kọ̀ǹpútà mú. Òun ń wò, èmi ń dín ẹsẹ̀ alfa náà kù, títí ó fi ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Lọ́jọ́bọ̀ a gbẹ́ ẹ sára mábù.

Kí Ìyá Olúwa máa ṣọ́ ọ, kí iṣẹ́ rẹ máa gún, kí a fi ayọ̀ rí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kalliroi.

Mo tún rántí: Wàràkàṣì ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Fláàṣì kékeré kan, irú èyí tí a ń kì bọ kọ̀ǹpútà, wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà bàbá rẹ ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́. Tọ́jú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ, má sì pa á rẹ́ láti fi orin sí i.