Omi Tí Kò Dín Nínú Àpótí Ẹja

                                        Ilé Onídígí,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta.

Òṣùwọ̀n, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ tuntun tí o ní kì í dákẹ́ ẹkún àfi tí ìwọ bá gbé e? Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo kọ̀wé gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n n ò lè dúró de èsì. Bí o bá bèèrè àlàáfíà mi, mò ń jẹ, mò ń mu, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ láti bí ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ ọ́ débi tí mo kọ ọ́ dé. Lákọ̀ọ́kọ́, mo lọ pa fèrèsé dé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo lọ ṣí i padà. Ẹ̀kẹta, n ò mọ ohun tí mo lọ ṣe.

Ọ̀rọ̀ àpótí ẹja ni. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, tó wà ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù mi, ló wá bá mi. Ó ní yàrá tí àwọn ọmọ ti ń dúró de abẹ́rẹ́, igbe ẹkún ibẹ̀ ti fẹ́ di òun létí, kí n bá òun fi dígí ṣe àpótí ńlá kan tí àwọn á kó ẹja sí, kí ojú àwọn ọmọ lè kúrò lára abẹ́rẹ́. O mọ̀ pé fèrèsé àti ṣókéèsì ni iṣẹ́ mi, n ò ṣe àpótí ẹja rí. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti dá a lóhùn kí orí mi tó gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ èmi àti ìwọ níṣẹ́ kò ṣì mí pè nígbà tó sọ mí ní Akánjú, tó sì sọ ìwọ ní Òṣùwọ̀n.

Dígí tó nípọn ni mo lò. Mo gé e, mo ha ẹnu rẹ̀ kúnu kó má baà gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀ wa nílé, torí eruku ṣọ́ọ̀bù pọ̀, mo sì bu omi kún un. Mo lẹ téèpù sára dígí níbi tí ojú omi dé, kí n lè mọ̀ bó bá dín. Mo tẹ́ bébà ìnujú sábẹ́ igun kọ̀ọ̀kan, torí bébà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi pamọ́. Mo tún bu omi sínú igo gbọọrọ kan, mo lẹ téèpù sí òun náà, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ìdí rẹ̀ ni pé ooru a máa gbé omi lọ díẹ̀díẹ̀. Bí omi igo àti omi àpótí bá dín bákan náà, ooru ló gbé e. Bí ti àpótí bá dín ju ti igo lọ, àpótí ń jò nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní, omi igo dín ní mìlímítà méjì. Ti àpótí kò yẹ̀ kúrò lórí téèpù. Ọjọ́ kejì, igo tún dín, àpótí dúró síbẹ̀, bébà gbẹ táútáú. Inú mi dùn, mo sáré lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, mo ní kó máa palẹ̀ mọ́ de ẹja. Ìgbà tí mo ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù mí láàárín títì, ọlọ́kadà kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù mí pẹ̀lú rẹ̀. Ooru kan náà ló ń mú igo àti àpótí. Ẹnu àpótí ṣí sílẹ̀ gbayawu. Báwo ni omi tí kò ní ìdérí ṣe máa wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí kò ní dín rárá?

Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Igo ni mo fura sí. Igo ṣúgà ìyá àwọn ọmọ mi ni. Mo gbé e sórí bébà, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń wo ìdí igo bóyá ó ń jò. Mo pààrọ̀ rẹ̀, òmíràn náà dín. Láti ìgbà náà ni n ò ti lè jókòó síbì kan. Mò ń sá wálé láti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Oníbàárà kan wá gba dígí fèrèsé rẹ̀, dígí ẹlòmíràn ni mo gbé fún un. Ìyá àwọn ọmọ ní bí mo ṣe ń wo àpótí yìí, òun ò rántí ìgbà tí mo wo òun bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo jáde lọ ṣọ́ọ̀bù, mo sì padà torí pé mo gbàgbé awò ojú mi. Bàtà mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi tún un ṣe, sílípáàsì ni mo wọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Mo bá ìyá àwọn ọmọ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú àpótí. Ó gbé ojú sí déédéé téèpù bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń fi ife tíì bu omi sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bébà tó ti rin gbindin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó há àwọn gbígbẹ mọ́ abíyá. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun ò dìde. Ó gbé omi tó kù nínú ife náà mu tán, ó sì fi ife sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá wọn," ó ní. "Ẹ ò ní lè gbọ́ ọ lórí ìdúró."

Ó ní igun ẹ̀yìn, apá ògiri, ti ń jò láti ọjọ́ kìíní. Kò pọ̀, bí ife kan àbọ̀ lójúmọ́. Òun ló ń pààrọ̀ bébà, òun ló ń bu omi kún un, tí òun bá sì ti gbọ́ bàtà mi, òun á sá padà sí ilé ìdáná. Mo bi í pé kí ló dé. Ọwọ́ mi ló wò, kò wo ojú mi.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Mo máa ń gbọ́ ọ lára ife tí ẹ bá ń mu tíì."

Ó ní bí mo bá mọ̀ pé àpótí ń jò, màá wá ìdí rẹ̀, màá sì rí i, òun ò sì mọ ohun tí òun máa sọ fún mi lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rẹ́ mi, mo bínú. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó síwájú dígí yẹn, omi inú rẹ̀ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, bí igun kan bá ṣí lójijì ńkọ́? Ó ní òun ti pinnu láti sọ fún mi kí wọ́n tó wá gbé e, ṣùgbọ́n èmi ni mo ti sáré lọ kéde. Ó ní òun tún rò pé ó lè dí fúnra rẹ̀, bí òrùlé ilé ìdáná wa ṣe jò lọ́dún tó kọjá tó sì ṣíwọ́. N ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ojú wá ń tì mí, débi pé mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò nínú ilé ara mi.

Mo da omi náà nù lọ́jọ́ yẹn. Mo fi abẹ bó gọ́ọ̀mù igun ẹ̀yìn, mo sì gbé e síta wò nínú oòrùn. O mọ bí a ṣe ń fa gọ́ọ̀mù, ìlà kan ṣoṣo, èémí kan ṣoṣo. Tèmi rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìwé ẹni tó ń kọ̀wé nínú ọkọ̀ lórí títì tó bàjẹ́. Ó nípọn níbì kan, níbòmíràn kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Òṣùwọ̀n. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe kékeré.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí kì í ṣe òótọ́, àpótí ń jò, ọwọ́ mi ló sì fà á. Ó ní kí n na ọwọ́ náà. Ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ orúkọ dókítà kan lé mi lọ́wọ́. Òpin oṣù yìí ni mo máa lọ rí i. Ó ní ẹja mẹ́sàn-án ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ tábìlì òun, àwọn ọmọ sì ti sọ gbogbo wọn lórúkọ, nítorí náà òun fún mi di ọ̀la, ọjọ́ Ajé.

Ta ló máa wá fa gọ́ọ̀mù? O mọ̀ pé kéèkì ni iṣẹ́ ìyá àwọn ọmọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fún ṣúgà sára kéèkì ìgbéyàwó, tó ń fi kọ orúkọ àwọn èèyàn láìsí pé lẹ́tà kan wọ́. A bó gọ́ọ̀mù igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì gbé ìbọn gọ́ọ̀mù lé e lọ́wọ́. Mo ní kó máa fún un bọ̀ láti òkè, kó má dúró. Ó ní kí n má kọ́ òun níṣẹ́ òun. Ìlà náà jáde, kò yẹ̀ síhìn-ín, kò yẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo yìn ín tọkàntọkàn, ó sì dùn mí tọkàntọkàn.

Ọjọ́bọ̀ la tún bu omi sí i. Mo sọ fún un pé òun ni kó máa wo téèpù, èmi ò ní sún mọ́ ọn, torí bí mo bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, n ò ní lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Kó má sọ nǹkan kan fún mi títí di òní, kó má sì bu ẹ̀kán omi kan kún un. Mo ní kó búra. Ó ní òun ò ní búra fún ọkọ tí òun ti ń fọ aṣọ rẹ̀ láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n; kí n gba òun gbọ́, tàbí kí n lọ wò ó fúnra mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ni mò ń gbà wọlé kí n má baà gba pálọ̀ kọjá. Inú yàrá ni mo wà báyìí tí mò ń kọ̀wé sí ọ, kí ọwọ́ yìí lè rí nǹkan ṣe. Mò ń gbọ́ tó ń fa àga. Ó ti pẹ́ jù níbẹ̀.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. "Ó dín," ó ní. Igo dín mìlímítà mẹ́fà, àpótí náà dín mẹ́fà, kò sí bébà kan tó tutù. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí àpótí wà ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ó sì na rúlà sí mi. N ò gbà á. Mo ní kó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà pé kó rán àwọn tó máa gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n mo ṣì jókòó.

Ó wá ku ìwọ. O kì í sọ ìwé nù. Gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ọ wà lọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ tí o máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, o ti rí bí ìkọ̀wé mi ṣe ń gbọ̀n, o ò sì sọ̀rọ̀. N ò bínú. Jọ̀wọ́, kó wọn jáde, tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, kí o sì sọ fún mi oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń yára tó, torí dókítà máa bi mí, n ò sì mọ̀ ọ́n. Bí o bá ń kọ èsì, ọ̀rẹ́ mi, má bu omi kún un fún mi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó rọra máa gun àtẹ̀gùn. Bá mi gbé ọmọ-ọmọ yẹn mọ́ra. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n kí gbogbo yín.

                                        Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ títí,
                                        Akánjú.