Ìkòkò Ìkórè Tí Mo Fi Òkú Rédíò Dà

Bàbá mi, Oníredíò Agbowó,

Èmi ọmọ yín aláriwo ni mo tún dé o. Mo jókòó sórí àpótí yín nínú ṣọ́ọ̀bù, mo na ẹsẹ̀ síbi tí ẹ máa ń na tiyín sí, mo sì ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbé e gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ló kún inú mi, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì dára, àmọ́ kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún tí yóò dùn mọ́ bí yóò ṣe dùn mọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò dára. Kò pẹ́ tí a sin yín ni iléeṣẹ́ tí mo ti ń tẹ̀wé ní Dùgbẹ̀ kógbá sílé. Wọ́n kó wa jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo di ẹni tó ń jí, tó ń wẹ̀, tó ń múra, tí kò sì mọ ibi tí yóò lọ. Bí mo ṣe mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín nìyẹn, mo ní kí n kàn máa lọ gbá a. Onílé ti ń ránṣẹ́ sí wa pé òun fẹ́ gba ibẹ̀ fún ẹlòmíì, Màámi sì ti fẹ́ gbà fún un. Ó ní ká kó pàǹtí inú rẹ̀ dànù, kí n lọ bá Bùọ̀dá mi ní Àkúrẹ́, kí n wá iṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀. Pàǹtí ló pè é! Inú bí mi débi pé mi ò jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ṣá o, ebi ò mọ̀ pé inú ń bí mi.

Ká má parọ́, mi ò mọ rédíò tún ṣe. Nínú gbogbo họ́lídè tí mo fi jókòó tì yín, títú ni mo mọ̀, mi ò mọ títò. Kí ló dé tí ẹ ò fi agídí kọ́ mi? Àbí ẹ rò pé ọdún ṣì pọ̀ níwájú wa ni? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo bá mú sukurudíráfà yín, mo bẹ̀rẹ̀ síí ṣe èyí tí mo mọ̀. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan oníbàárà kankan láìjẹ́ pé mo lọ bá olóhun nílé, ọ̀pọ̀ wọn sì ní kí n máa mú un lọ, pé àwọn tilẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà lọ́dọ̀ yín. Mo tú tiransifọ́mà, mo yọ kọ́pà inú rẹ̀. Mo fi ooru yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra kúrò lára pátákó àwọn rédíò tó ti kú, mo kó o sínú agolo. Málàmù kan ará Sábó ló ń ra kọ́pà lọ́wọ́ mi. Òun náà ló ní irin funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí mo ń kó jọ kì í ṣe tòun, pé kí n gbé e lọ bá àwọn tó ń da ìkòkò ní Mọ́níyà.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Ọ̀gá Múrí. Ọmọ Ṣakí ni, ó kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ de ọjọ́ iwájú. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó wo bàtà mi, ó wo èékánná mi, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń bá a yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìdí iná kò wá, mo dìde, mo di ọwọ́ ẹ̀rọ náà mú, mo ń yí i títí apá fi fẹ́ já kúrò lára mi. Kò dúpẹ́. Ó kàn ní kí n má wọ irú bàtà yẹn wá lọ́la. Háà, Bàbá mi, inú mi dùn dé ilé lọ́jọ́ náà!

Iṣẹ́ yẹn wù mí ju ìwé títẹ̀ lọ. A ó fi ìkòkò àtijọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ títí yóò fi mú àwòrán rẹ̀, a ó sì rọra yọ ọ́. A ó kó èédú, a ó yí afẹ́fẹ́ sí i, a ó máa ju alumíníọ́mù sínú ìkòkò irin tó wà lórí iná, yóò máa wọ̀ lọ ní díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di omi. A ó fi ṣíbí gígùn gbá ìdàrọ́ tó léfòó sókè kúrò. Lẹ́yìn náà la ó wá dà á sínú iyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ síí dà á, ọwọ́ ò gbọdọ̀ dúró, torí ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni ìkòkò yóò ti là lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní sùúrù bí ìgbín, báwo lẹ ṣe bí ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá lára mu?

Màámi ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Bí mo bá ti wọlé pẹ̀lú èédú lára, yóò gbé omi fún mi láìwo ojú mi. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Ẹgbẹ́ Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà fẹ́ ìkòkò ńlá méjì tí wọn yóò fi se ìrẹsì ìkórè. Ìyá Ẹgbẹ́ ṣì ń bèèrè ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ti lè rí i rà nígbà tí mo na ọwọ́ sókè lójú gbogbo ìjọ. Màámi já mi léèékánná nítan! Nígbà tí a délé ló wá là á mọ́lẹ̀ fún mi. Bí ìkòkò náà bá dára, òun ò ní dí mi lọ́wọ́ mọ́, kí n máa ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ. Bó bá jò tàbí tó là, lọ́jọ́ kejì ìkórè, òun yóò fún onílé ní kọ́kọ́rọ́, èmi yóò sì wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Mo ní mo gbà. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo ní mo gbà.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi dà kò tilẹ̀ tutù tán tó fi là. Ìkánjú ló pa mí. Irin funfun kan wà nínú rédíò àtijọ́ tó jọ alumíníọ́mù bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn, àmọ́ ó wúwo jù ú lọ, bí ẹ bá sì dà á mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ yóò máa fọ́ bíi bisikíìtì. Mo ti jù ú sí i pẹ̀lú ayọ̀ nítorí pé ó ń dán. Ọ̀gá Múrí gbé àfọ́kù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́ kan, ó gbé ògidì alumíníọ́mù sí ìkejì, ó ní kí n di méjèèjì mú títí yóò fi yé mi. Àtìgbà náà, ọwọ́ mi kì í purọ́ fún mi mọ́.

Lẹ́yìn tí mo yọ gbogbo èyí tí kò dára kúrò, alumíníọ́mù tó kù kò tó ìkòkò ńlá méjì. Ìkórè ti dé tán. Ọ̀gá Múrí nawọ́ sí agolo lẹ́ẹ̀dì mi, ó ní àwọn kan máa ń jù ú sí i kó lè pọ̀, pé ta ni yóò mọ̀? Bàbá mi, mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ yín ni mo rí. Mo rí i bí ẹ kì í ṣe jẹ́ ká jẹ ẹ̀pà lórí tábìlì iṣẹ́ yín, bí ẹ ṣe máa ń fi ọṣẹ dúdú fọwọ́ dé ìgúnpá lẹ́yìn tí ẹ bá ti jo lẹ́ẹ̀dì, tí àwa ọmọdé ń fò sókè pé kí ẹ gbé wa, tí ẹ̀yin ń sọ pé kí a dúró ná, pé májèlé ni nǹkan yìí. Ṣé inú ìkòkò tí ọmọ ìjọ ó ti jẹun ni mo fẹ́ dà á sí? Mo ní rárá, mi ò ṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo mọ́ ọ̀gá mi. Ó wò mí títí, ó gbé agolo náà kúrò nílẹ̀, ó fi í sẹ́yìn ilé. Kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ síí rìn kiri. Mo gba Ṣàngó dé Bódìjà, mò ń kanlẹ̀kùn ilé onílé, mò ń tọrọ eríà tẹlifíṣọ̀n tí afẹ́fẹ́ ti ṣẹ́ lórí òrùlé, torí alumíníọ́mù gidi ni ọ̀pá rẹ̀. Àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú. Obìnrin kan tú ajá sí mi, mo sá, ọ̀pá eríà lórí, bàtà lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní gbà pé ẹ̀yin lẹ bí mi.

Ní Bódìjà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní òun ní ampilifáyà kan tó ti kú. Ó ní kí n wọlé wá wò ó. Mo yí i padà láti tú u, mo sì rí àmì pupa kékeré lórí sukúrù kọ̀ọ̀kan. Kútẹ́ẹ̀sì Màámi! Ẹ máa ń jí i lórí tábìlì rẹ̀, ẹ ó kán an sórí sukúrù tí ẹ bá ti dè tán, kí ẹ lè mọ̀ bí ẹlòmíì bá ṣí i lẹ́yìn yín. Tó bá di Sátidé, Màámi á máa wá kútẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kiri ilé, ẹ̀yin á gbójú sókè, ẹ ó máa súfèé. Gbogbo àmì náà ló pé, kò sí èyí tó ṣí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, mo sunkún bí ọjọ́ tí ẹ kú. Bàbá náà bu omi wá fún mi, ó jókòó tì mí. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, ó ní látìgbà tí ẹ ti lọ, òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ṣe mí bíi kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbé e lọ bẹ́ẹ̀ láìtú u. Òun fúnra rẹ̀ ló mú sukurudíráfà tó bọ́ lọ́wọ́ mi, tó fi í lé mi lọ́wọ́. Mo tú u. Irin ńlá tó ń gba ooru lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ́ kí ohun tí mo ní tó.

Mo da ìkòkò méjèèjì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀gá Múrí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó káwọ́ gbera, kò ràn mí lọ́wọ́. Òógùn ń wọ ojú mi, mi ò nù ún, ọwọ́ mi ò sì dúró. Nígbà tí a hú wọn, a fọ̀ wọ́n, mo pọnmi kún wọn, mo jókòó síwájú wọn títí di ìrọ̀lẹ́, mò ń fọwọ́ pa ìdí wọn. Gbígbẹ ló wà. Ọ̀gá Múrí fi ìka kan wọ́n, ó gbọ́ ohùn wọn, ó sì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, eyín rẹ̀ kan ti yọ! Mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, Màámi ti dé ibi ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó kúnlẹ̀ sídìí ìkòkò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká, nínú àti lóde, bó ṣe máa ń fọwọ́ kàn wá lára wò bí ara wa bá gbóná. Wọ́n dáná, epo gbóná, ata wọ ibẹ̀, ìrẹsì wọ ibẹ̀. Mi ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà rárá, etí mi wà níbi ìdáná, mò ń retí ìró pé nǹkan là. Kò là. Gbogbo ìjọ jẹun, àwọn ọmọ kéékèèké fi ọwọ́ ha ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ìkòkò ilé òun náà ti ń fẹ́ èkejì.

Màámi ò sọ nǹkan kan fún mi títí a fi sùn. Láàárọ̀ Mọ́ńdè mo di àpò mi, torí mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn Màámi, mo sì wá sí ṣọ́ọ̀bù láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Onílé ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ fún. Kò pẹ́ ni Màámi dé, ó fi gèlè di ìbàdí, ó kí wọn dáadáa, ó bèèrè àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ó kọjá láàárín wọn, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó fa òkú tẹlifíṣọ̀n kan mọ́ra. Ó ní kí onílé má bínú, pé àwa ò lọ sí ibì kankan. Ó wá na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n fún òun ní sukurudíráfà.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún èédú, tí ìfẹ́ yín ò sì lè tán nínú rẹ̀.