Òjìji Mi Wà Lẹ́sẹ̀ Ìyá Mi

Ìṣokùn,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi Mátíù,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ nínú ara líle, kí ọyẹ́ ọdún yìí má sì bá ọmọdé ilé yín jà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí tiwa ṣe rí, ara bàbá mi le, ara tèmi náà le. Inú mi ni kò dùn, Bùrọ̀dá, ẹ̀yin lẹ sì bà á jẹ́. Ó ṣe mí bíi pé kí n máa pè yín ní "ìwọ" nínú lẹ́tà yìí, ọwọ́ mi ló kọ̀. Ẹ̀yin ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki fíìmù bọ kámẹ́rà, nítorí náà ọ̀wọ̀ yín ò ní yẹ̀ lẹ́nu mi, bí ó tilẹ̀ ń há mi lọ́fun.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá ya fọ́tò ìkómọ. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ọjà Igbó kí ó bá mi rán okùn báàgì kámẹ́rà mi tó já. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo gbójú sókè, tí mo rí ìyá mi lára ògiri.

Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ni, ti ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ, oòrùn àárọ̀ wà lójú wọn. Ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ìyá arúgbó kan ní ìgbèríko. Mátíù Ògúnwùmí ló yà á." Ìgbèríko wo, Bùrọ̀dá? Ẹ̀yìnkùlé tí ẹ ti ń jẹun ni! Ẹni tó ń bu ẹran tiwọn kún tiyín, tó ń pè yín ní "Mátíù ọkọ mi", ṣé àwọn ló wá di arúgbó tí kò lórúkọ?

Télọ̀ náà rí i pé n kò gbójú kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà fẹ́ràn ẹ̀, àbí? Bùrọ̀dá Mátíù tiwa ló yà á. Wọ́n ní abúlé kan tó jìnnà gan-an làwọn ti rí ìyá yẹn, ìdájí làwọn gbéra nílé, ìyá ọ̀hún ò tiẹ̀ kọ́kọ́ gbà." Mo ní, "Ó dáa."

Ẹ jẹ́ n rán yín létí, bóyá ẹ ti gbàgbé. Oṣù kẹwàá ọdún 1986 ni. Òjò àrọ̀kúrò ti ń dín, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Ẹ̀yin náà mọ àsìkò yẹn: òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, eruku kò tíì sí, oòrùn àárọ̀ a máa rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ògiri amọ̀ a wá pọ́n bí epo tuntun. Ewé fúrúùtù ti ń pọ́n níkọ̀ọ̀kan, pòpórò àgbàdo ẹ̀yìn ilé ti gbẹ. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ ya ohun tó dára, kí n lọ sí ìlú ńlá. Mo ní ohun tí mo fẹ́ yà wà lẹ́yìnkùlé wa. Mo ra fíìmù aláwọ̀, mo ń ya ewé, mo ń ya ògiri, mo ń ya páànù tó ti dógùn-ún, títí mo fi kan ìyá mi.

Bí mo ṣe fẹ́ tẹ kámẹ́rà ni òjìji mi nà dé ẹsẹ̀ wọn. Ẹ mọ̀ pé ọ̀gá wa Fádèyí kì í gba irú ẹ̀, àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo fẹ́ sún kúrò. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ jàre, kò wúwo." Ẹ̀rín yẹn ni mo yà. Òjìji náà sì wà nínú kàlẹ́ńdà yín títí dòní, òjìji ẹni tó wé gèlè. Àbí ẹ̀yin náà ti ń wé gèlè ni, Bùrọ̀dá?

Fọ́tò dúdú àti funfun nìkan ni mo lè fọ̀ fúnra mi, nítorí náà mo kó fíìmù náà fún yín pé kí ẹ bá mi gbé e dé Ìbàdàn. Nígbà tí ẹ padà dé, ojú yín fà ro. Ẹ ní, "Ràódàt, pẹ̀lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ti wọnú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́." Ẹ tiẹ̀ ra fíìmù mìíràn fún mi kí ẹ fi tù mí nínú. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Ojú ń tì mí tí mo bá rántí ọpẹ́ yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn dé ìyá mi mọ́lẹ̀. Lórí ẹní ni wọ́n ti bi mí pé, "Fọ́tò tí mo ti rẹ́rìn-ín yẹn ńkọ́?" Mo ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n ní kò burú, tí oòrùn bẹ́ẹ̀ bá tún yọ lọ́dún tó ń bọ̀, a ó ya òmíràn. Wọn kò rí i. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn, fọ́tò kékeré kan tí wọ́n ti fajú ro la gbé síwájú àlejò. Ẹ wá síbẹ̀. Ẹ jẹ sàráà, ẹ wo fọ́tò yẹn, ẹ mirí, ẹ sì mọ ibi tí èyí tó dára wà. Iṣẹ́ mi tí ẹ jí dùn mí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Irọ́ lẹ fi sí mi lẹ́nu, tí mo gbé e lọ bá ìyá mi lórí àìsàn. Wọ́n gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kú.

N kò fẹ́ nínú ohunkóhun tí wọ́n fún yín lórí rẹ̀. N kò sì ní gbé yín lọ síwájú ẹgbẹ́ onífọ́tò. Négátíìfù ìyá mi ni mo fẹ́. Ẹ gbé e wá fúnra yín, ẹ má fi rán onímọ́tò.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín lójú títì, kí ó ṣọ́ ilé àtọ̀nà yín, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣì lè wọ̀ yín lọ́kàn. Àdúrà tí ẹnu mi lè ṣe fún yín lónìí mọ níbẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín lẹ́nu iṣẹ́,
Ràódàt Àlàbí.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Mo bẹ télọ̀ náà, ó sì yọ̀ǹda kàlẹ́ńdà ọ̀hún fún mi. Bàbá mi, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá mi ti lọ, gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, wọ́n ní, "Àmọ̀kẹ́." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka orúkọ yín. Wọ́n ní, "Àṣé Mátíù tún padà wá yà á lẹ́yìn tí tìẹ bàjẹ́. Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn." Wọ́n ti gbé e kọ́ sí yàrá wọn. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, orúkọ yín ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá nínú àdúrà. N kò tíì sọ fún wọn. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́.